“Tún Àga Ṣe” Kì Í Ṣe “Tún Ṣe Àga”

Gbólóhùn méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìsinsìnyí ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkíní ni “Ó tún àga náà ṣe”, èkejì ni “Ó tún ṣe àga náà.” Ọ̀rọ̀ tó wà nínú èkíní náà ló wà nínú èkejì, ibi tí “àga” bọ́ sí nìkan ló yàtọ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré yìí ló gbé gbogbo ìtumọ̀ dání. Nínú gbólóhùn èkíní, àga kan ti wà nílẹ̀, ó bàjẹ́, ẹnì kan sì fọwọ́ sí i títí ó fi dára. Nínú èkejì, ẹnì kan ṣe àga lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí kó jẹ́ pé tábìlì ló kọ́kọ́ ṣe, ó wá fi àga kún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ ká jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí parẹ́ lẹ́nu wa àti nínú ìwé wa. Ìdí rẹ̀ á sì hàn kedere bí a bá gbé e ka iṣẹ́ kan tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé: kó mú àga ìrọ̀gbọ̀kú àtijọ́ tó lọ́nà lára, kó tú u, kó tò ó, kó sì fi aṣọ mìíràn bò ó.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú gírámà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé gírámà Yorùbá tó gbé jáde lọ́dún 1966, ya ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan sọ́tọ̀, ìyẹn àwọn tó máa ń là sí méjì kí àbọ̀ lè wọ àárín wọn. A máa ń gba èèyàn gbọ́, a ń pa owó mọ́, a ń yí ọ̀rọ̀ padà, a ń ba nǹkan jẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé “Ó bàjẹ́ àga.” “Ó ba àga jẹ́” ni yóò sọ. Bí ìbàjẹ́ ṣe gba àga sáàárín, bẹ́ẹ̀ náà ni àtúnṣe ṣe gbà á sáàárín. Bí a bá gbọ́ pé “Télọ̀ tún ẹ̀wù náà rán,” ẹ̀wù tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni télọ̀ fọwọ́ kàn, bóyá ó fún un lápá ni tàbí ó tú u létí. Bí a bá gbọ́ pé “Télọ̀ tún rán ẹ̀wù,” ẹ̀wù mìíràn ló dé. “Wọ́n tún ilé náà kọ́” fi hàn pé ilé náà ti wó tàbí ó ti gbó. “Wọ́n tún kọ́ ilé” fi hàn pé owó wọlé fún wọn, ilé wọn sì ti di méjì. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ yìí, bí orúkọ nǹkan bá wà láàárín, ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ náà dé bá. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ìṣe ló padà wáyé.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ náà sórí àga gan-an. Ẹ mú àga ìrọ̀gbọ̀kú tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 di 1901. Igi líle ni egungun rẹ̀; ó lè jẹ́ mahogany, ìbátan ọ̀gánwó tiwa. Wọ́n fín òdòdó àti ewé sí òkè ẹ̀yìn rẹ̀ àti sí iwájú apá rẹ̀. Ní ti ìjókòó rẹ̀, ọ̀já líle ni wọ́n kọ́kọ́ kàn mọ́ igi nísàlẹ̀. Wọ́n gbé sìpíríǹgì lé ọ̀já náà, wọ́n fi okùn dè wọ́n mọ́ra, wọ́n fi irú aṣọ tí a fi ń rán àpò kòkó bò wọ́n, wọ́n kó irun ẹṣin lé e, wọ́n fi aṣọ funfun ká irun náà mọ́, kí wọ́n tó wá fi aṣọ olówó iyebíye bo gbogbo rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran ló so oríkèé igi rẹ̀ pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irú àga bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Gbẹ́nàgbẹ́nà, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí, ni ẹni tó ń gbẹ́ ọnà. Àmì ohùn ló sì ya ọnà yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí a ń rìn. A mọ gbẹ́ yàtọ̀ sí fín. Gbígbẹ́ ló ń sọ ìtì igi di ẹsẹ̀ àga, fífín ló ń fi òdòdó sójú ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí òwe bá sì sọ pé bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun, iṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà nílẹ̀ ni òwe náà ń gbè lẹ́yìn. Ohun tí àtúnṣe wà fún náà nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Aṣọ àtijọ́, ńṣe là ń tú u, a kì í ya á, nítorí èyí tí a tú láìya ni a ó fi wọn èyí tuntun kí a tó gé e. Ìṣó kéékèèké, à ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fipá fà wọ́n, etí igi á fọ́. Oríkèé tó ń mì, kò dára ká kan ìṣó mọ́ ọn. À ń tú u ni, nítorí gọ́ọ̀mù awọ ẹran máa ń rọ̀ bí ooru àti omi bá kàn án. A ó nu èyí tó ti gbó kúrò, a ó wá tún oríkèé náà lẹ̀. Ọ̀já tó ti jẹrà, à ń pààrọ̀ rẹ̀. Irun ẹṣin tó ṣì lágbára, à ń fọ̀ ọ́, à ń tú u ká, a sì ń kó o padà sáyè rẹ̀. Ẹni tó bá pe gbogbo èyí ní “àtúnṣe” kò purọ́, àmọ́ kò tíì sọ fún wa ohun tó kù lára àga náà àti ohun tó ti kúrò níbẹ̀.

Àmì ohùn pàápàá ń tẹ̀ lé ipò tí àbọ̀ wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ bá tẹ̀ lé e: à ń kan àga, à ń lẹ ẹsẹ̀, à ń bo ìjókòó. Bí àbọ̀ náà bá ti ṣáájú rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á padà dé: à ń tún àga kàn, à ń tún ẹsẹ̀ lẹ̀, à ń tún ìjókòó bò. Etí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní gírámà. Kálámù ni kò yẹ kó gbàgbé rẹ̀.

Gbólóhùn kan tó ń gba ipò “tún ṣe” lọ́wọ́ báyìí ni “sọ di tuntun.” Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé ogbó nǹkan náà ti lọ. Ogbó yìí sì ni iyì àga àtijọ́. Ọ̀pọ̀ àga ayé Victoria ló jẹ́ pé pólíṣì tí wọ́n fi oje kòkòrò kan ṣe ni wọ́n kùn wọ́n. Sípírítì lè yọ́ pólíṣì yìí, nítorí náà ẹni tó mọṣẹ́ lè nu ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kúrò, kó sì fi díẹ̀ kún un níbi tó ti ṣí. Ẹni tó bá fi sáńpépà ha á títí igi fi hàn ti sọ ọ́ di tuntun lóòótọ́, kò sì lè dá ohun tó ha dànù padà mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1877, William Morris àti Philip Webb dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gba àwọn ilé àtijọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ha ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní orúkọ pé àwọn fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ ẹgbẹ́ náà fi hàn pé wọ́n kọ híha. Morris yìí kan náà ló ń ya àwòrán sára aṣọ tí àwọn èèyàn fi ń bo àga. Ó mọ iyì ohun tuntun dáadáa, ó sì tún mọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ tó yí gbólóhùn ká ti tó láti fi mọ ìtumọ̀, pé “àtúnṣe” tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kò tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ kankan hàn, àti pé bí a bá sọ pé “àga tí wọ́n tún ṣe,” kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ipò àbọ̀. Òótọ́ ni. Nínú irú ìhun bẹ́ẹ̀, àbọ̀ ti sún síwájú, “tún” àti “ṣe” sì ti pàdé. Àmọ́ bí ọ̀nà kan bá dí, ńṣe ló yẹ ká ṣọ́ èyí tó ṣí sílẹ̀. Níbi tí gírámà bá ti gbà wá láyè láti fi àga sáàárín, ká fi í síbẹ̀. Níbi tí kò bá ti gbà wá láyè, ká lo ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá iṣẹ́ mu: “àga tí wọ́n tún lẹ̀,” “àga tí wọ́n pààrọ̀ ọ̀já rẹ̀,” “àga tí wọ́n fi aṣọ mìíràn bò.” Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹlòmíràn lè béèrè ìdí tí a fi ń ṣọ́ gírámà lójú méjèèjì nígbà tó jẹ́ pé sìpíríǹgì, gọ́ọ̀mù, pólíṣì àti sáńpépà ló kún ẹnu àwọn tó ń ṣe kúṣìn. Kò sí ohun tó burú nínú àwọn ọ̀rọ̀ àyálò yìí. Ohun èlò ló bá orúkọ rẹ̀ rìn wọlé, Yorùbá sì ti fi ohùn tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Níbi tí a ti ní tiwa, ká má sọ ọ́ nù: ìrọ̀rí ṣì wà, tìmùtìmù, ìjókòó aláwọ tí a ki nǹkan rírọ̀ sínú rẹ̀, ṣì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ni agbára èdè wa nínú iṣẹ́ yìí. Tú, yọ, nù, lẹ̀, kàn, dè, kì, rán, bò: kò sí èyí tí a yá níbẹ̀, kò sì sí èyí tó lè gba ipò ìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá fi “ṣe” rọ́pò gbogbo wọn ń fọwọ́ ara rẹ̀ sọ èdè tó lọ́rọ̀ di aláìní.

Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ra àga. Bí olùtajà bá kọ̀wé pé “A ti sọ àga yìí di tuntun,” kò sí ohun tí olùrà lè rí dì mú. Bí ó bá kọ ọ́ pé “A tú aṣọ rẹ̀, a pààrọ̀ ọ̀já rẹ̀, a tún ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lẹ̀, a fọ irun ẹṣin inú rẹ̀, a sì kó o padà; a fi aṣọ tuntun bò ó, a kò fọwọ́ kan ọnà ara igi,” olùrà mọ ohun tó ń sanwó fún, ẹni tí yóò sì tún àga náà ṣe ní 50 ọdún sí i mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí gbólóhùn náà ń béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé: kí àga wà láàárín, kó sì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.