Kí ló ń mú dòdò Ìkirè dúdú?

Tẹ́ ẹ bá gba Ìkirè kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, ẹ ó rí i: dòdò róbótó, dúdú, tó ta lẹ́nu. Ṣé ó jóná ni? Rárá o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tó ti rọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń pọ́n, ó ń tú gáàsì ethylene jáde. Àwọn enzyme inú rẹ̀ á sì máa sọ sítáàṣì di ṣúgà. Wọ́n á gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa. Ṣúgà tó pọ̀ yẹn ni ooru epo ń sọ di dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à bá dà nù ti di owó. Ẹ má pè é ní jíjóná mọ́; ìmọ̀ àwọn ìyá wa ni.