Ìfẹ́ Ọmọ Ọba àti Ìwọ̀fà Kì í Yá Tó Bẹ́ẹ̀

Jókòó síbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti ka ìwé ìtàn ìfẹ́ tí o kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ ló mọ Ìjìgbò ní Adó-Èkìtì ju ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ? Ìwọ kọ ọ́ bí ibi tí èèyàn gbé, tí èèyàn ti jìyà, tí èèyàn ti fẹ́ràn ara wọn. O kọ Odò-Adó, o kọ ààfin Ẹwí, o kọ ọjà ọba lásìkò tí ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Kí Olúwa bù kún ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n màá bá ọ wí lónìí, màá sì bá ọ wí dáadáa, torí iṣẹ́ náà tó ohun tí à ń torí ẹ̀ báni wí.

Ojú ewé kẹsàn-án! Ojú ewé kẹsàn-án péré ni ọmọ ọba ti ń sunkún nítorí ìwọ̀fà bàbá rẹ̀. Kí ló ń lé ọ? O kò tíì jẹ́ ká mọ oúnjẹ tí ọmọbìnrin náà fẹ́ràn, o kò tíì jẹ́ ká mọ ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ ọmọkùnrin náà, wọ́n ti ń búra fún ara wọn lábẹ́ igi. Kó tó di ojú ewé ogún, wọ́n ti sá lọ. Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Àwọn ìwé òyìnbó tí o máa ń kà lóru ni, èyí tí ọmọ ìjòyè á ti pàdé ọmọ ọ̀dọ̀ lórí àtẹ̀gùn. N kò ní kí o má kà wọ́n, èmi náà ka tèmi nígbà èwe. Ṣùgbọ́n padà lọ wo àwọn tó dára nínú wọn. Wọn kì í yára. Wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀ kí o máa retí, kí o máa bínú sí àwọn méjèèjì pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀, títí tí ọ̀rọ̀ kékeré kan láti ẹnu ọkùnrin náà á fi tó láti mú ọ sunkún. Ohun tó ń dá wọn dúró ló ń fún ìtàn náà ní agbára. Nínú tìrẹ, kò sí ohun tó dá ẹnikẹ́ni dúró.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó lè dá wọn dúró ni o dárúkọ lójú ewé kìíní, tí o sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. O pe ọmọkùnrin náà ní ìwọ̀fà, o wá kọ ọ́ bí ẹrú. Ọmọ mi, ọ̀tọ̀ ni ẹrú, ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀fà. Ẹni tí wọ́n kó lógun tàbí tí wọ́n fowó rà ni ẹrú. Ìwọ̀fà jẹ́ ọmọ onílé, ọmọ bíbí ìlú, tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yá owó, bóyá láti fi sìnkú, bóyá láti fi san owó ìtanràn, tí wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ olówó kó máa ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn ni èlé owó náà. Bó bá ṣe é fún ogún ọdún, gbèsè kò dín owó ẹyọ kan. Odidi iye tí wọ́n yá ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó wá kó tó lè padà sílé bàbá rẹ̀. Síbẹ̀ ó lè ní oko tirẹ̀, ó ní àkókò tirẹ̀, ó ní ẹbí tó lè wá bá olówó sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti tà á. Samuel Johnson kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní bí olówó bá fi ipá bá obìnrin tó jẹ́ ìwọ̀fà rẹ̀ lò, gbèsè náà parẹ́, olówó á sì tún san ìtanràn lé e. Òfin wà láàárín wọn. O sì ní òfin yìí lọ́wọ́, o fi sílẹ̀, o lọ ń wá igi tí wọ́n á dúró sábẹ́ rẹ̀!

Ìbéèrè mi nìyí, mo sì fẹ́ kí o dá mi lóhùn. Nígbà tí ọmọkùnrin náà gbé ọmọ ọba sá lọ, ta ló dípò rẹ̀ lóko? Bí ìwọ̀fà bá sá, tàbí tó kú, ẹbí rẹ̀ ni wọ́n á lọ bá. Wọ́n á mú ẹlòmíì wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ṣì ń lé ẹyẹ lóko bàbá rẹ̀, ni wọ́n á fà wá sílé olówó. Ìwọ sì fi àwọn olólùfẹ́ rẹ sójú ọ̀nà, oṣù ń ràn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó rántí ọmọ náà. Ọmọkùnrin tó bá ṣe èyí kò yẹ lẹ́ni tí mo fẹ́ kí ọmọ ọba fẹ́. Bó bá sì jẹ́ èèyàn rere, bí o ṣe fẹ́ ká gbà pé ó jẹ́, kò lè sá. Níbi tí kò ti lè sá yẹn gan-an ni ìwé rẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àsìkò tí o yàn dára, mi ò ní parọ́. Ìbàdàn ti fi àjẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú rẹ̀, jẹ gàba lé Èkìtì lórí, títí jagunjagun Fábùnmi fi pa àjẹ́lẹ̀ ní Òkèmẹ̀sí ní 1878, tí ogun Kírìjì sì bẹ́. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í wálé. Ìwọ rò ó wò: ẹni tí ìlú ti sunkún rẹ̀ tán, tí wọ́n ti pín oko rẹ̀, ó wọlé lọ́sàn-án gangan, ó wọ aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, ó sì mọ̀wé. Isaac Babamuboni jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Adó tó ti wà lóko ẹrú. Òun ni ìlú ń dárúkọ títí dòní pé ó gbé ẹ̀sìn Kristi wọ Adó. Irú ìlú tí àwọn olólùfẹ́ rẹ ń gbé nìyẹn: ìlú tí ẹni tó ti ṣe ẹrú lè padà wá di ẹni tí àwọn àgbà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ipò ń yí lójú wọn. Ó yẹ kí ìwọ̀fà rẹ rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó wò ó láti òkèèrè, kó má sùn lóru ọjọ́ náà. Ó yẹ kí ẹ̀rù tún ba olorì, ìyá ọmọ ọba, tó rí ọkùnrin náà.

Ìwọ ń sọ pé irú ìfẹ́ báyìí kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ wa, pé àfi kí o dá a sílẹ̀ lórí ara rẹ. Rárá o. Jẹ́ kí n sọ ti Àìná fún ọ.

Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bíi 1843. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì ya wọ ìlú náà ní 1848. Àwọn òbí rẹ̀ kú sógun, wọ́n sì kó òun lọ sí ààfin Ọba Ghezo. Ní 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Forbes, wá bá ọba náà sọ̀rọ̀ pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ghezo kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọbìnrin yìí ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Lọ́rẹ, bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tọrẹ! Forbes sọ ọ́ ní Sarah, ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ Bonetta kún un. Ọbabìnrin gbà á, ó ń san owó ìtọ́jú rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí iléèwé ní Freetown, ó tún ní kí wọ́n mú un padà ní 1855. Ọmọ tí wọ́n kó lógun di ẹni tó ń wọ ààfin Windsor.

Ọkùnrin náà ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n tẹ̀dó sí Sàró. Ó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó di oníṣòwò ńlá l'Ékòó, owó rẹ̀ wà lára ohun tó gbé CMS Grammar School dìde ní 1859. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú láìpẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó wá ní Àìná ni òun fẹ́.

Àìná ní òun ò fẹ́.

Dákẹ́ kí o gbọ́. Àwọn tó ń ṣàkóso ayé rẹ̀ rí i pé ọkọ tó dára nìyẹn. Wọ́n mú un kúrò nílé ìdílé Schön tó ń gbé, èyí tó ti mọ́ ọn lára, wọ́n fi í sọ́dọ̀ àwọn arúgbó obìnrin kan ní Brighton, kó lọ rò ó wò níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí Ìyá Schön láti ibẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn èèyàn á wí pé ọkùnrin náà lówó, pé bí òun bá fẹ́ ẹ, òun á bọ́ lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Ó bi í pé ṣé kí òun wá fi ìfọ̀kànbalẹ̀ òun ra owó ni? Ó ní láéláé. Ọmọbìnrin tí kò ní bàbá, tí kò ní ilé, tí wọ́n ti fi tọrẹ rí, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń bọ́ ọ. Orí mi wú nígbà tí mo mọ̀ ọ́n.

Ta ló ga ju ẹnì kejì lọ nínú wọn? Ọkùnrin ló ní ọkọ̀ àti owó. Obìnrin ló ní ọbabìnrin lẹ́yìn. Síbẹ̀ ọkùnrin náà lè lọ sí ibi tó wù ú, obìnrin náà kò lè yan ibi tó máa sùn. Ipò nìyẹn, ọmọ mi. Aṣọ kọ́, adé kọ́. Ohun tí ẹlòmíì lè fi ọ́ ṣe láìbi ọ́ ni.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Ọmọ wọn àkọ́kọ́, obìnrin, dé ní 1863; Victoria ni wọ́n sọ ọ́, ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀. Èkó ni wọ́n wá gbé. Òwò Davies dé ibi tó fọ́, gbèsè wọlé, ó wá kọjú sí ilẹ̀ ní Ìjọn lẹ́bàá Èkó, ó gbin kòkó ní nǹkan bíi 1880, kí kòkó tó di ohun tí àwọn bàbá wa ní Èkìtì fi ń rán ọmọ níléèwé. Ọdún yẹn náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ mú Àìná lọ ní Madeira, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ọdún méjìdínlógún àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó. Davies gbé òpó òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un nínú oko kòkó náà. Èmi gbàgbọ́ pé ìfẹ́ wọ ọkàn obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. "Rárá" ló ṣáájú rẹ̀. Nínú ìwé tìrẹ, ta ló sọ "rárá" fún ta ni?

Padà sí Adó. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà. Alárinà á lọ, á bọ̀. Wọ́n á ṣèwádìí: ọmọ ta ni, ilé wo ni, ṣé wọn kì í jalè, ṣé gbèsè ò sí lọ́rùn wọn? Ìwọ̀fà ti ṣubú níbi ìbéèrè yẹn kí ó tó débi ìjọ́hẹn. Wàyí o, ẹni tó bá rí ìyàwó, yóò máa lọ ṣiṣẹ́ lóko àna rẹ̀, yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọ ebè, yóò gbé iṣu lọ lọ́dọọdún. Ọmọkùnrin tìrẹ wà lóko bàbá ọmọbìnrin náà lójoojúmọ́! Ọkọ́ kan náà ló mú, ebè kan náà ló ń kọ, ṣùgbọ́n èlé gbèsè ni wọ́n ń kà á sí. Báwo ni irú ohun báyìí ṣe bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́?

Bó bá jẹ́ èmi ni, inú oko yẹn ni màá fi wọ́n sí fún odidi ọdún kan. Ọmọ ọba á máa bá àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀. Ó mọ iye ebè tí ìwọ̀fà gbọ́dọ̀ kọ, torí ó ń gbọ́ tí wọ́n ń kà á. Lọ́jọ́ kan, á kà á, á rí i pé ọ̀kan lé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan tún lé. Ebè tí kò jẹ ẹnikẹ́ni, tí gbèsè kò béèrè. Kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọmọkùnrin náà kò sì ní gbójú sókè. Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ara wọn rárá, mo bẹ̀ ọ́, títí iṣu inú ebè yẹn á fi ta.

Yọ igi yẹn kúrò, yọ oṣù kúrò, yọ sísá lọ náà kúrò. Fi àbúrò ọmọkùnrin náà sí i kí n mọ̀ ọ́n, kí n fẹ́ràn rẹ̀. Kí olorì sì fura kí ọba tó fura, nítorí ìyá ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí ẹbí ọmọkùnrin náà bá wá tu owó jọ, tí ó tó ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, sọ fún mi èwo ni wọ́n máa san: gbèsè tó mú un wá sílé yẹn ni, àbí owó ìdána ọmọ tó rí níbẹ̀?