Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Ìperí Sáyẹ́ǹsì: Àpẹẹrẹ Ẹ̀kọ́ lórí Sòbìà ní Èrúwà

1. Ìfáàrà

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìkọ́ṣẹ́ ni èyí tí olùkọ́ gbà kí ó tó wọ kíláàsì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni èyí tí ó ń gbà léraléra nígbà tí ó ti ń kọ́ ọmọ. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé láìsí èkejì, inú ìwé ni ọ̀rọ̀ ìperí tí àwọn onímọ̀ bá ṣẹ̀dá yóò kú sí.

2. Ẹ̀rí láti Ilé-Ifẹ̀

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá ètò ọlọ́dún mẹ́fà sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ìwé tuntun nìkan kọ́ ni ó mú èyí wá. Wọ́n ń pe àwọn olùkọ́ jọ láti kọ́ wọn ní ìlò ìwé náà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn olùkọ́ fúnra wọn fi kọ́ sáyẹ́ǹsì.

3. Sòbìà nínú kíláàsì

Ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí Èrúwà wà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí sòbìà ti hàn wọ́n léèmọ̀. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní in káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sí oògùn tí ó ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ìmọ̀ ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Ká ní olùkọ́ kan ní Èrúwà sọ pé, “Kòkòrò inú omi ni ó ń fa sòbìà.” Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò yé ọmọ. Kòkòrò ni tata, kòkòrò ni ohun tí ń jẹ eyín, kòkòrò náà ni a ń pe ohun àìrí tí ń fa àrùn. Olùkọ́ tí a ti dá lẹ́kọ̀ọ́ yóò ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀:

(i) Aràn: sòbìà gan-an, abo rẹ̀ lè gùn tó mítà kan.

(ii) Ọmọ-aràn: èyí tí sòbìà ń tú sómi nígbà tí ẹni tí ó ní egbò rẹ̀ bá ti ẹsẹ̀ bọ odò.

(iii) Agbàtọ́: ẹ̀dá omi tín-ín-tín tí ó gbé ọmọ-aràn mì, tí ọmọ-aràn sì ń dàgbà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mu agbàtọ́ mọ́ omi ni sòbìà yóò yọ lára rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà.

Gbogbo Yorùbá ni ó mọ ẹni tí ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì tú ìdí aṣọ asẹ́ fún ọmọ: agbàtọ́ ni aṣọ náà ń dá dúró.

4. Ìgúnlẹ̀

Irú ìyàtọ̀ báyìí kì í wá láti inú ìwé ọ̀rọ̀ nìkan. Ó yẹ kí a máa kó àwọn olùkọ́ Èrúwà, Lánlátẹ̀ àti Igbó-Ọrà jọ ní ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìperí kọ́ ara wọn, kí wọ́n sì dá èyí tí ọmọ ṣì gbọ́ padà fún àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹnu olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ ìperí ti ń di èdè.