Ẹ Má Gba Owó Ọdún Méjì Yẹn



Opó ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìntì. Ìfọ̀ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n èmi àti olóògbé ọkọ mi kọ́ ilé onífúláàtì mẹ́rin kan sí Mowe. Owó ilé yẹn ni mo fi ń jẹun, ẹ ṣáà mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ti rí. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, éjẹ́ǹtì mi fi fúláàtì kan fún àwọn ọmọkùnrin méjì. Wọ́n san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò tilẹ̀ ná an. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lóṣù tó kọjá, àwọn tó ń ti inú fúláàtì náà jáde lé ní mẹ́wàá, àwọn mìíràn kò sì jọ ẹni tó tíì pé ọmọ ọdún 18. Páálí ni wọ́n fi dí fèrèsé, mátírẹ́ẹ̀sì ló kún pálọ̀. Obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn sọ pé òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa fi ohùn obìnrin òyìnbó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹnìkan a sì máa lu èyí tí kò bá rí owó mú wá. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ti kọ lẹ́tà sí mi pé kí n lé wọn. Ọmọ mi ní òun á kó àwọn ọmọ ìta lọ láti Ìfọ̀, wọn á sì ṣí páànù orí ilé náà. Éjẹ́ǹtì ní tirẹ̀ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ti fẹ́ san owó ọdún méjì sí i, wọ́n á tún fi nǹkan lé e. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá onílé, Ìfọ̀

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé. Ìparí lẹ́tà yín ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ má gba owó ọdún méjì yẹn. Bó bá ti wọ àkáǹtì éjẹ́ǹtì, kó dá a padà síbi tó ti wá lónìí, kí ẹ sì gba ẹ̀rí rẹ̀ pamọ́. Ayálégbé wo ló ń sáré san owó ilé nígbà tí èyí tó ti san ṣì ku oṣù méje? Ẹni tó ń wá ibi ìsádi ni.

Lójú òfin, bí onílé bá mọ̀ pé ayálégbé ti da àdéhùn, tó wá tún gba owó ilé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ó ti dárí jì í ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé kóòtù, rìsíìtì yín ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ nà sókè. Ìyẹn tilẹ̀ kéré. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2006 láti kojú ìjìbìtì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní òfin 419, sọ ní abala 3 pé ẹni tó ń gbé inú ilé tàbí tó ń bójú tó o, tó mọ̀ọ́mọ̀ fàyè gba kí wọ́n máa fi ṣe ìjìbìtì, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15 ni, kò sì sí pé ó fẹ́ san owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ kokéènì ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀, ti òfin NDLEA lórí oògùn olóró tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 15 sí 25.

Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ẹ kò mọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó lè mú yín sí i. Lónìí, ẹ ti fojú ara yín rí i, ará ilé ti sọ, ẹgbẹ́ onílé ti kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá gba owó lé gbogbo èyí lórí, kí lẹ fẹ́ sọ fún EFCC? Lọ́yà lè jiyàn pé onílé tó ń gbé Ìfọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń bójú tó ilé ní Mowe, ó sì lè borí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ orí yín ni wọ́n máa fi dán an wò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo mọ̀ pé owó náà wu yín. Ó wu ọ̀pọ̀ onílé láti Ìbàfò títí dé Ìfọ̀, òun ló sì jẹ́ kí àdúgbò wa di ohun tó dà yìí. Ilé kò wọ́n tó ti Èkó, òpópónà márosẹ̀ wà nítòsí, onílé ń gbé ibòmíràn, éjẹ́ǹtì kò sì béèrè ju iye tí wọ́n mú wá lọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá Ògùn ti bá àwọn aboyún ní Mowe rí, níbi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí láti máa ta ọmọ tí wọ́n bá bí.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń bá iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ láti yàrá wọn, òru tiwa sì ni ọ̀sán tiwọn. Ara ohun tó bí ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá 2020 ni pé ọlọ́pàá kàn ń mú ẹni tó bá ti di irun, tó sì gbé laptop dání. Bó bá jẹ́ irun àti mọ́tò olówó ńlá nìkan lẹ kọ sí mi, ǹ bá ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tó, àti lílù tí wọ́n ń lù wọ́n, ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ó jọ ohun tí àwọn ọmọ Yahoo fúnra wọn ń pè ní HK. Ọ̀gá kan á gbalé, á kó ọmọ sínú rẹ̀, á fún wọn ní fóònù, á máa bọ́ wọn, òun náà lá sì máa kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá rí gbà lọ́wọ́ òyìnbó. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń wá ọ̀nà àtilọ sílé. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró de nótíìsì.

Nítorí náà, ẹ yà á sọ́tọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dá, ti agbófinró ni, ilé yín, ti kóòtù ni. Ẹ kọ ìwé. Ohun tí ẹ fojú rí nìkan ni kí ẹ sọ pé ẹ rí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i. Ohun tí obìnrin yẹn sọ, ẹ kọ ọ́ pé òun ló sọ ọ́, tí kò bá kọ̀ kí ẹ dárúkọ òun. Ẹ fi ẹ̀dà àdéhùn ilé àti lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé tì í. Ẹ mú ọ̀kan lọ fún DPO ní Mowe, ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí EFCC, tó ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sára ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Bí ìbéèrè bá dé lọ́la, òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ẹ kò fàyè gbà wọ́n. Ẹ má wọ inú fúláàtì náà lọ ya fọ́tò, ẹ má sì jẹ́ kí éjẹ́ǹtì gbọ́, nítorí mi ò mọ ẹni tó ń sanwó fún un. Bí ọlọ́pàá bá dé tí wọn kò bá àwọn ọmọ náà nílé, wọn kò gbọdọ̀ mú yín dípò wọn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé DPO á bá yín kó ẹrù wọn síta. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gba ọlọ́pàá láyè láti mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ So-Safe àti Àmọ̀tẹ́kùn náà kò lè lé ayálégbé.

Ẹ̀yin náà kò lè lé e. Ṣíṣí páànù, yíyọ ilẹ̀kùn, gígé wáyà iná, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú òfin. (Páànù wo tilẹ̀ ni ọmọ yín fẹ́ ṣí? Àbí fúláàtì mẹ́ta tó kù ní òrùlé tiwọn lọ́tọ̀ ni?) Ìjọba ológun Èkó gan-an fi ipá lé Ojukwu kúrò nílé kan ní Queen's Drive, Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, tí Adájọ́ Kayode Eso wà lára ìgbìmọ̀ rẹ̀, sọ pé kí ìjọba kọ́kọ́ dá a padà sílé ná kí wọ́n tó lè gbọ́ tirẹ̀. Bí sójà kò bá lè ṣe é láṣegbé, ṣé àwọn ọmọ ìta láti Ìfọ̀ ló máa ṣe é? Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní 2016, lásìkò Gómìnà Ibikunle Amosun, láti kojú àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti orí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọmọ yín.

Ọ̀nà kóòtù wá dá lórí ohun tó wà nínú àdéhùn yín. Bí lọ́yà ló kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ fi ilé ṣe ohun tó lòdì sófin, àti pé bó bá ṣe é, onílé lè gba ilé rẹ̀ kí ọdún tó pé. Nígbà náà, lọ́yà yín á kọ̀wé sí wọn, á sọ àdéhùn tí wọ́n dà, lẹ́yìn náà á gba kóòtù lọ. Bó bá jẹ́ pé rìsíìtì lásán ni éjẹ́ǹtì kọ, ẹ gba ọ̀nà kùítì nótíìsì. Ayálégbé ọdọọdún, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì rẹ̀. Bó bá parí tí kò lọ, ẹ ó fún un ní ti ọjọ́ méje pé ẹ ń lọ sí kóòtù. Oṣù méje ló kù lórí owó wọn. Bí nótíìsì bá dé ọwọ́ wọn nínú oṣù tí a wà yìí, yóò parí kí ọdún wọn tó pé. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá, ẹ ti fún wọn ní ohun tí wọn á fi máa fa ẹjọ́ nìyẹn. Lóòótọ́, ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ bá àwọn ayálégbé tó ń fi àléébù inú nótíìsì sá pamọ́ wí gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ ṣe tiyín kó pé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka òfin Èkó fún yín, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Òfin ilé gbígbé tí Gómìnà Fashola buwọ́ lù ní 2011 kò kọjá ààlà ìpínlẹ̀ Èkó, bó ti wù kí ọ̀pọ̀ ará Mowe máa lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà lójoojúmọ́.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fúnra wọn sá lọ bí wọ́n bá ti rí ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ẹ má kàn já kọ́kọ́rọ́. Kí lọ́yà kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe fi ilé sílẹ̀, kí akódà kóòtù sì wà níbẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ṣetán láti lọ ní ìrọ̀rùn, ẹ dá owó oṣù tó kù padà fún wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti jọ̀wọ́ ilé, kí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó máa dùn yín, ṣùgbọ́n ó dínkù sí owó ẹjọ́ ọdún kan. Ìwé tí ẹ fún ọlọ́pàá ṣì wà níbi tó wà.

Owó tí ọmọ yín fẹ́ fi wá ọkọ̀ àti ọtí fún àwọn ọmọ ìta yẹn, kó fi san owó lọ́yà, kó sì bá yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.