Ohun Tí Ojú Kálukú Ti Rí

Bí ẹ bá wọ Festac Town ní Èkó, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn òpópónà ibẹ̀, láti First Avenue dé Seventh Avenue. Ara wọn la ti ń yà sí àwọn close, ìyẹn àdúgbò kéékèèké tí ọ̀nà wọn kò já síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní géètì. Ẹ lọ sí ìpàdé àdúgbò, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn lórí aago tó yẹ kí wọ́n máa ti géètì náà.

Màmá tí àwọn olè ti jà lólè rí á ní kí wọ́n máa tì í ní aago mẹ́wàá. Awakọ̀ tó ń ti Mile 2 bọ̀ lóru á ní ta ni yóò wá ṣílẹ̀kùn fún òun? Nọ́ọ̀sì á bi wọ́n pé: aboyún tó bá ń rọbí ńkọ́? Kò sí ìkà nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ohun tí ojú kálukú ti rí ló ń sọ ohun tó máa kọ́kọ́ bà á lẹ́rù.

Inú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Festac fúnra rẹ̀ sí. Owó epo rọ̀bì ni ìjọba ológun fi kọ́ ọ, kí àwọn tó wá fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn èèyàn dúdú, lè ríbi dé sí. Àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977, ó parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Àwọn èèyàn dúdú wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50.

Ẹni tí wọ́n ti sọ fún nílé ìwé òyìnbó pé ohun ìtìjú ni ìlù bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ wú. Àwọn ẹlẹ́sìn kan ní ìbọ̀rìṣà ni ìjọba ń gbé lárugẹ. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló ń mú wọn sọ ọ́. Àwọn mìíràn ro owó tí ìjọba ń ná sí i, wọ́n ní ẹni tí kò rí omi mu kò gbọdọ̀ máa náwó àríyá. Olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń bá ìjọba ṣètò àjọ̀dún náà, ṣùgbọ́n ó yọwọ́ kúrò, ó sì ń kọrin tirẹ̀ ní Shrine, ilé ijó rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn àjọ̀dún náà, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n dáná sun ún. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, fara pa níbẹ̀. Ìyá náà kú lọ́dún 1978. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lọ́dún 2023, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Èkó, Amuwo-Odofin, níbi tí Festac wà, nìkan ni ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ti gba ipò kìíní nínú ìbò gómìnà. Àwọn aládùúgbò tó ń pọn omi níbì kan náà dìbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan ń ro ọ̀nà tí wọ́n ṣe, ẹnì kan ń ro ọmọ rẹ̀ tó jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́. Èrò nìyẹn, ó ṣeé jíròrò. Ṣùgbọ́n nínú ìbò yẹn kan náà, wọ́n fi ẹ̀yà halẹ̀ mọ́ àwọn olùdìbò kan ní Èkó. Èyí kì í ṣe èrò mọ́, ìfìyàjẹni ni.

Ẹ padà síbi géètì wa. Bí ẹnì kan bá bi màmá yẹn pé, "Mà, kí lojú yín rí?", wọ́n á sọ ti alẹ́ tí olè wọlé. Awakọ̀ náà á gbọ́. Bóyá wọ́n á fẹnu kò sí aago mọ́kànlá, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, kó lè ṣí i fún awakọ̀ àti aboyún.