Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ta Ló Ń San Owó Oṣù Nọ́ọ̀sì?

Ẹni tó bá ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn rí kò nílò kí a máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba káàdì. Ọ̀rọ̀ ọrẹ tí àwọn olówó fún ilé ìwòsàn la fẹ́ sọ lónìí.

Olóògbé Ọ̀túnba Ṣùbòmí Balógun, tó dá báńkì FCMB sílẹ̀, kọ́ ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọdé sí Ìjẹ̀bú-Òde. Oyè rẹ̀, Ọ̀túnba Túnwàṣe, ni wọ́n fi sọ ibùdó náà. Ó fà á lé UCH Ìbàdàn lọ́wọ́. Ó ṣeun.

Ibí yìí gan-an ni àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín ti máa ń ṣì í gbọ́. Wọ́n á ní, “Olówó ti sanwó, kí ló dé tí wọ́n tún ń gbowó lọ́wọ́ wa?” Ẹ rọra kà á. Ẹni tó kọ́ ilé, ilé ló kọ́. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kò sí nínú rẹ̀. Ilé ló kọ́. Dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ máa mu lálẹ́ òní kò sí nínú rẹ̀. Ilé ló kọ́. Oògùn ọ̀la kò sí nínú búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá ta ọ́ lọ́rẹ ẹ̀rọ ìlọta, ṣé ẹni tó fún ọ náà ni yóò máa ra epo sí i?

Ẹ wo Ayinke House ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Ọrẹ olówó kan, Sir Mobolaji Bank-Anthony, ni. Ó kú ní 1991. Nígbà tí ilé náà gbó, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà pẹ̀lú ibùsùn 170. Owó ìlú ni wọ́n ná, owó orí yín sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yọ gílóòbù níbẹ̀ lọ sílé, olówó kọ́ ló jà lólè.

Ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì nítorí owó. Ẹ san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tí kò bá fún yín ní rìsíìtì, ẹ má fún un lówó.

Ọrẹ mìíràn wà tó jẹ́ ti ìtọ́jú aláìní. Kì í ṣe ẹni tó pariwo jù ló ń rí i gbà. Ẹ béèrè ọ́fíìsì Medical Social Services ní ilé ìwòsàn. Wọ́n máa bi yín léèrè iye tó ń wọlé fún yín. Ẹ sọ òótọ́.

Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé yín: Ta ló kọ́ Ayinke House? Ta ló tún un ṣe?