Ẹ Ka Ebè Kí Ẹ Tó Ka Èrè

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìṣàkóso oko, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní Ìlọrin tàbí níbòmíràn, ọdún márùn-ún ni ẹ ó fi wà lẹ́nu rẹ̀, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo sì ní fún yín. Ẹ kọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń ka oko rẹ̀ kí ẹ tó kọ́ bí ìwé ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé inú ìṣirò kọ̀ǹpútà ni oyè náà wà, pé ohun tí àgbẹ̀ bá sọ sórí ìwé ìbéèrè kò ju nǹkan tí a kàn fi ń kún àlàfo lọ. Iye tí ẹ bá gbà bọ̀ láti oko ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bó bá wọ́, gbogbo ohun tí ẹ bá kọ́ lé e lórí ni yóò wọ́, bó ti wù kí ìṣirò náà dán tó.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìbéèrè yóò bi àgbẹ̀ pé hẹ́kítà mélòó ló gbìn. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè kì í ka hẹ́kítà. Igba-igba ló ń ka ebè, lórí igba yẹn náà ni òun àti alágbàṣe ti ń dúnàá-dúrà owó iṣẹ́. Bí ebè bá fi mítà kan jìnnà síra níbùú lóòró, ẹgbàárùn-ún ebè, ìyẹn 10,000, ló wà nínú hẹ́kítà kan, àádọ́ta igba géérégé. Ẹni tó bá kọ igba mẹ́wàá, ìdá kan nínú márùn-ún hẹ́kítà ló kọ yẹn. Ṣùgbọ́n ebè iṣu sábà máa ń tóbi ju ti ẹ̀gẹ́ lọ, nítorí náà ẹni tó mọṣẹ́ yóò gbọ́ iye igba lẹ́nu àgbẹ̀, yóò sì fi okùn wọn àyè tó wà láàrin ebè sí ebè. Àwọn àgbà ti ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Láti 2010 tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà, àti Báńkì Àgbáyé ti ń tọ àwọn agbo ilé kan lẹ́yìn káàkiri Nàìjíríà, ẹ̀rọ GPS ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀, wọn kò gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ti fi hàn pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré sábà máa ń bù kún un, ẹni tí tirẹ̀ tóbi a sì máa dín in kù. Ẹ wo ohun tí èyí ń fà: bí ẹ bá fi ilẹ̀ tí a bù kún pín ìkórè, ẹ ó ní àgbẹ̀ kékeré kò mọ oko í dá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kò mọ ilẹ̀ í wọ̀n.

Iṣẹ́ ọwọ́ ṣòro ju ilẹ̀ lọ láti kà, nítorí kì í hàn sójú. Bí ọkùnrin mẹ́rin bá jọ ń ṣe àáró, owó kankan kò kúrò lápò ẹnikẹ́ni, ìwé yóò sì kọ òdo síwájú iṣẹ́ náà. Irọ́ ni òdo yẹn. Ọjọ́ tí ènìyàn fi ro oko ẹnìkejì ló fi san ọjọ́ tí wọ́n bá a ro tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ì bá fi gba iṣẹ́ olówó. Ẹ gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi iye tí ì bá mú wọlé lásìkò yẹn gan-an díwọ̀n rẹ̀. Owó alágbàṣe nígbà tí koríko ń yọ oko lẹ́nu kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà láàrin ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ pàápàá kò ka irú iṣẹ́ yìí sí, tí wọ́n rò pé bí a bá mú lára àwọn àgbẹ̀ tálákà kúrò lóko, ìkórè kò ní dín. Theodore Schultz, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ta ko èrò yìí nínú ìwé rẹ̀, Transforming Traditional Agriculture, tó jáde ní 1964. Ó wo Íńdíà lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn 1918 sí 1919, èyí tí àwọn baba wa pè ní lúkúlúkú nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa: bí àwọn tó ń dáko ṣe dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n gbìn dín kù. Amartya Sen, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé bíi tirẹ̀, bá a jiyàn lórí bó ṣe lo ẹ̀rí náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kódà láàrin irú àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ka ènìyàn àti ilẹ̀ ni iyàn wọn dá lé.

Ẹ má sì pa obìnrin rẹ́ nínú ìṣirò. Lọ́pọ̀ ilé àgbẹ̀ Yorùbá, àpò ọkọ yàtọ̀ sí àpò aya. Ọkọ lè gbin ẹ̀gẹ́, kí aya rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó bó o, kó rin ín, kó fún omi rẹ̀, kó yan án, kó tó di gàrí tí yóò gbé lọ sọ́jà. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ bíi mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di tọ́ọ̀nù gàrí kan. Igi ìdáná àti gbogbo ọjọ́ tí obìnrin fi jókòó ti iná wà nínú iye gàrí náà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ilé kan ni, èrè kan ni, ti fi òógùn aya san gbèsè oko ọkọ.

Ìtàn wa jẹ́rìí sí ìwúlò kíka gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ìwé tí Galletti, Baldwin àti Dina kọ lórí àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1956. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn onímọ̀ ṣì ń padà sí i, nítorí pé wọn kò wo kòkó nìkan: wọ́n wo owó tó wọlé, owó tó jáde, gbèsè, ilẹ̀ àti oúnjẹ inú ilé. Ẹ fi wé ètò ibùdó oko tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1959, tí wọ́n wo moshav, ìyẹn abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ṣe. Ìjọba kọ́ ilé, ó ṣán igbó, ó kó àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé-ìwé síbẹ̀. Lórí ìwé, èrè yóò dára nígbà tí igi bá so. Ṣùgbọ́n igi kì í so lóòjọ́, ọ̀dọ́ náà sì ń gbọ́ iye tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà nílùú. Ọ̀pọ̀ wọn fi oko sílẹ̀, owó tó lọ sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì pọ̀ débi pé ètò náà kò ṣeé tàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo àgbẹ̀. Iye tí ọdún ìdúró jẹ́ fún ọ̀dọ́ ni wọn kò kà tó.

Ẹnìkan yóò ní àgbẹ̀ kì í kọ nǹkan sílẹ̀, pé ó sì máa ń purọ́. Apá kan rẹ̀ tọ́, ó sì nídìí. Ẹni tó bá dé oko pẹ̀lú ìwé àti gègé láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ owó orí ló sábà máa ń bá wá. Ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó fún ìjọba nígbà náà ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, owó orí tún gun orí rẹ̀. Lára ohun tó bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà ní 1968 sí 1969 nìyẹn. Bí àgbẹ̀ bá fi ìkórè pamọ́ fún yín, kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ máa lọ léraléra títí yóò fi mọ̀ yín. Ẹ béèrè iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ má béèrè ti ọdún tó kọjá. Ẹ bi í ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, kóńgò, garawa, àpò, kí ẹ wá gbé òṣùwọ̀n náà sórí ìwọ̀n, nítorí kóńgò ọjà kan lè má dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn.

Òmíràn yóò ní ṣebí SPSS àti Stata, àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, wà. Wọ́n wà, ẹ sì kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ kì í sọ ẹ̀gẹ́ tó ti rà di tútù. Ohun tí mo ń sọ yìí kò sọ ìwé di yẹpẹrẹ. Nígbà tí gàrí bá wọ́n, olúkúlùkù a gbin ẹ̀gẹ́. Ó ń gba bí ọdún kan kó tó tó fà, gbogbo rẹ̀ a wá dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ a já wálẹ̀, wọn a pa á tì, ọ̀wọ́n a tún dé. Àgbẹ̀ kan kò lè ti orí ebè tirẹ̀ rí gbogbo àyípo yìí. Ìwé ló ń fi hàn. Ìwé ló tún ń kọ́ni pé owó tó ti lọ sórí ìṣánko àti ìroko kò sí nínú ìpinnu bóyá ká fa ẹ̀gẹ́ lónìí. Owó ìfà àti owó ọkọ̀ ni ká fi wé ohun tí ọjà ń san, ká sì rántí pé ẹ̀gẹ́ lè dúró nínú ilẹ̀ fún oṣù díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí a bá ti fà á, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìmọ̀ yìí yóò wúlò fún àgbẹ̀ bí iye tí a fi ṣe é bá jẹ́ iye oko rẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn wọn wà ní iṣẹ́ báńkì a máa ka ọdún kẹrin, ọdún iṣẹ́ oko, sí àkókò tó ṣòfò. Ẹ bi wọ́n pé kí ni òṣìṣẹ́ báńkì tí kò mọ ìgbà tí owó ń wọlé lóko yóò ṣe. Yóò yá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lówó lóṣù kẹrin, yóò ní kó máa san án lóṣooṣù láti oṣù karùn-ún. Ẹni náà yóò lọ yá owó èlé gọbọi níbòmíràn láti fi san án, báńkì yóò sì ní àgbẹ̀ kì í san gbèsè.

Nígbà tí ẹ bá wá dé orí iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn, olùkọ́ yín lè fẹ́ ọgọ́rùn-ún ìwé ìbéèrè, ó sì nídìí, nítorí oko mẹ́wàá kò lè sọ̀rọ̀ fún odindi ìpínlẹ̀. Ẹ kún gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ kèké mú mẹ́wàá nínú wọn, kí ẹ wọn ilẹ̀ wọn, kí ẹ wọn ìkórè wọn, kí ẹ ka ọjọ́ iṣẹ́ tọkọtaya ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tí ẹ wọ̀n àti ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé yín láìbò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó ti wá: èyí tí ẹ wọ̀n, èyí tí ẹ gbọ́, èyí tí ẹ fojú bù. Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn níwájú àwọn olùdánwò yóò lè dáhùn rẹ̀ níwájú ìjọba, níwájú báńkì, àti níwájú àgbẹ̀ tó ni oko.